Sítáàṣì Inú Ìbòmú

Ikọ́ bàbá mi ló kọ́ mi ní ohun tí eruku òkúta lè ṣe fún ènìyàn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti lọ sí Jọ́ọ̀sì nígbà tí kò tíì gbéyàwó, ó sì wa kùsà níbẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí mo gbọ́njú, kò lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó má dánu dúró kó wúkọ́. Ìyá mi a máa gbé agolo tó ní eérú nínú sí abẹ́ ibùsùn fún un láti tutọ́ sí, èmi ni mo sì máa ń lọ dà á nù láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Kò sí ọ̀gá kankan tó fún un ní ohun tí yóò fi bo imú. Nígbà tó kú, mo ti wà ní ìwé kẹrin ní ilé-ìwé girama, mo sì ti pinnu lọ́kàn ara mi pé ọmọ tí mo bá bí kò ní fi iṣẹ́ òkúta jẹun láéláé.

Ìpinnu ọmọdé ni. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, ní ẹ̀yìn ọjà Boundary, ọkọ mi sì ti kú. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo fi ń tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi. Àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ báńkì ní Apápá ni oníbàárà mi, ohun tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi láti ọ̀nà jíjìn ni sítáàṣì. Gbágùúdá ni a fi ń ṣe é. Mo máa ń pò ó mọ́ omi tútù, màá da omi tó ń hó lé e títí yóò fi dì bí ẹ̀kọ, màá sẹ́ ẹ kó má bàa ní kókó, màá ri aṣọ bọ inú rẹ̀, màá sá a, màá sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ti ọwọ́ mi jáde, bí ènìyàn bá fi èékánná ta á, yóò dún. Mo fẹ́ràn kí nǹkan gún. Tí ìlà ìlọṣọ kan bá wọ́ díẹ̀, màá tún aṣọ náà rẹ.

Ọmọ mi ti jáde ìwé mẹ́wàá, ó ti jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́, ó ti ń gbé sátífíkéètì káàkiri ọ́fíìsì títí etí rẹ̀ fi já. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè sábẹ́ apá.

"Màámi, mo ti ríṣẹ́."

"Níbo?"

"Creek Road. Ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta."

Mo jókòó sórí báàfù tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo mọ ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń kó òkúta náà wá láti ibi ìwakùsà lókè Ọya. Ó funfun, ó sì wúwo bí irin. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì. Gbogbo ògiri tó wà ní àyíká ibẹ̀ ló funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kùn wọ́n.

"Ṣé o mọ ohun tó pa bàbá àgbà rẹ?"

"Mo mọ̀, Màámi. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn kọ́ la wà. Àwọn wọ̀nyí ní òfin. Wọ́n fún wa ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì, wọ́n fún wa ní bọ́ọ̀tù, wọ́n fún wa ní ìbòmú. Tí èèyàn ò bá bo imú, wọn ò ní jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀rọ."

N kò gbà á gbọ́ títí mo fi lọ wò ó fúnra mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń rìn níwájú mi bíi pé òun àti èmi kò mọra. Pátákó kan wà lára ògiri tí wọ́n kọ òfin sí, mo dúró, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kó má wọlé. Ẹni tí kò bá wọ bọ́ọ̀tù, kó má wọlé. Ẹni tí kò bá bo imú, kó padà sílé, kò sì ní gba owó ọjọ́ náà. Fóòmáànù wọn jáde wá bá mi. Ọkùnrin kan tó sanra ni, Àlájì ni gbogbo wọn ń pè é.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wò ó bóyá wọ́n bo imú lóòótọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Tí ẹ bá lọ jẹun ńkọ́?"

"Igbákejì mi ni."

"Tí òun náà bá lọ kírun ńkọ́?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba iṣẹ́ yìí ni àbí ọmọ yín?"

Àwọn tó wà ní géètì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìjọ́ tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tó máa ń po Yorùbá àti Píjìn pọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo, kígbe pé, "Àlájì, give Mama the work! She go sack all of us before twelve!" Ọmọ mi wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mo wí fún ara mi pé, ibi tí òfin bá ti wà lára ògiri, ẹni tó mọ̀wé kà lè dúró lé e lórí.

Aṣọ funfun onílọ́po méjì ni ìbòmú náà, ó ní okùn mẹ́rin tí wọ́n ń so sẹ́yìn orí. Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wálé, ó rí bí àkísà tí wọ́n fi nu pátákó ìkọ̀wé. Mo fọ̀ ọ́. Aṣọ tó bá sì wọ ilé mi kì í jáde láìmu sítáàṣì. Mo rì í, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ títí ìlọ́po rẹ̀ fi gún bí etí ìwé. Nígbà tí mo gbé e sókè, ó dúró fúnra rẹ̀. Ó dà bí nǹkan tí kò ní jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn.

Ní àràárọ̀, kó tó jáde, màá fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé e fún un, màá gbàdúrà lé e lórí. Yóò sọ pé, "Àmín, Màámi," yóò sì so ó mọ́ imú níwájú mi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wò ó títí yóò fi yà ní igun.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí i. Ọ̀kan ní kó bá òun bẹ ìyá rẹ̀ kó bá òun fọ tòun. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn tún dé. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá àgbà wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó láti wo ibi iṣẹ́ náà. Wọ́n rí àwọn ọkùnrin tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ìbòmú funfun tó ń dán bí ti àwọn dókítà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà sì bọ Àlájì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni Àlájì ti kó gbogbo ìbòmú ibẹ̀ fún mi. Ó ra ẹ̀kejì fún oníkálukú kí ọ̀kan lè máa wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí wọ́n bá ń lo ìkejì. Bí mo bá ń kọjá ní Boundary, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ á máa kí mi: "Ìyá Ìbòmú, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀yin lẹ ń dá ẹ̀mí àwọn ọkọ wa sí!" Màá dáhùn pé Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ọrùn mi a máa gùn. Mo rò pé mo ti rí ohun tí ìyá mi kò rí ṣe fún bàbá mi.

Ìgbà tí ọyẹ́ mú ni mo gbọ́ ikọ́ náà. Ọmọ mi ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì ń wúkọ́ kékeré, gbígbẹ, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun wà níbẹ̀. Mo fi àwo tí mò ń fọ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, mo ní kó gbórí sókè, mo yẹ ihò imú rẹ̀ wò bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó funfun títí wọnú.

"Ọyẹ́ ni, Màámi."

"Ọyẹ́ kì í funfun."

Mo lọ tú àpò ìbòmú tó dọ̀tí. Mo mú tirẹ̀, èyí tí mo fi òwú pupa sàmì sí, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo yẹ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní eruku díẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí ẹnu àti imú fi èémí rin, kò rin rárá, ìlà tí mo lọ̀ sí i ṣì gún síbẹ̀. Mo mú ti ẹlòmíràn, bákan náà ni. Mo yẹ gbogbo wọn wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kì í bo imú! Wọ́n ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́rùn fi ṣe oge, ọmọ mi sì ń bá wọn ṣe é.

N kò bá ọmọ mi sọ ohunkóhun. Mo jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́, mo so gèlè mi le, mo gbé àpò ìbòmú tí mo ti lọ̀ sórí, mo gba Creek Road lọ. Àwọn tírélà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń gba àárín wọn kọjá, mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ jọ sẹ́nu. Ẹni tó wà ní géètì rò pé mo kó ẹrù wá ni, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi. N kò yà sí ọ́fíìsì Àlájì. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ ni mo lọ tààrà.

Ohun tí mo rò ni mo bá. Eruku náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iná inú ilé náà dà bí òṣùpá inú ìkuukùu. Àwọn ọkùnrin ń gbé àpò sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, oníkálukú dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, oníkálukú wọ bọ́ọ̀tù, oníkálukú sì fa ìbòmú mi wálẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tó yọ síta bí àwo lábẹ́ ojú wọn. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí mi. Ó fa tirẹ̀ sókè kíá, àwọn yòókù rí i, àwọn náà fà á sókè, bí ọmọ ilé-ìwé tó rí tíṣà.

Mo kígbe títí ẹnì kan fi pa ẹ̀rọ.

"Ẹ má wulẹ̀ bò ó mọ́! Mo ti rí yín! Àlájì! Àlájì, ẹ jáde wá wo àwọn tí mò ń jí lọ aṣọ fún!"

Àlájì sáré wá, ó ń nu ẹnu.

"Bàbá mi wa kùsà títí ó fi kú," ni mo wí fún wọn, "kò rí ohunkóhun fi bo imú. Agolo itọ́ rẹ̀, èmi ni mo ń dà á nù. Ẹ̀yin, wọ́n fún yín ní ìbòmú, wọ́n bá yín fọ̀ ọ́, wọ́n bá yín lọ̀ ọ́, ọ̀fun lẹ fi ń bò! Ṣé òmùgọ̀ ni yín ni? Ṣé ẹ kò ní ìyá nílé ni? Ṣé ẹ kò ní ọmọ?"

Àwọn kan nínú wọn dàgbà jù mí lọ. Mo sì yíjú sí ọmọ mi níwájú gbogbo wọn, mo pè é ní alágàbàgebè.

Ojú ti Àlájì. Ó fi ìka tọ́ka sí pátákó. "Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá wí? Òfin ni. Gbogbo ẹni tí mo bá rí tí kò bo imú láti òní lọ, ilé ló ń lọ."

Ìgbà náà ni ọmọ Ìjọ́ aláwàdà yẹn sọ̀rọ̀. Kò ṣàwàdà. "Àlájì, abeg. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ wá wo ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́."

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ọmọ mi wí fún un, "má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Make Mama enter small."

Mo ní, "Kí ló dé tí n kò ní wọlé? Ẹ fún mi ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì." Wọ́n fún mi, mo dé e sórí gèlè. Mo tú àpò mi, mo yọ ìbòmú kan tó mọ́ nigínnigín, mo so okùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe yẹ kí wọ́n so ó, mo ní kí wọ́n wò mí dáadáa, báyìí ni wọ́n ṣe ń bo imú. Mo wọlé, mo dúró síbi tí ọmọ mi máa ń dúró sí. Wọ́n tan ẹ̀rọ.

Mo fa èémí. Kò wọlé. Mo tún fà á. Aṣọ náà dúró níwájú ẹnu mi bí pákó, kò mì. Èémí tí mo fà fi agbára wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ojú mi, níbi tí sítáàṣì ti jẹ́ kí etí ìbòmú náà yọ síta, ó gba abẹ́ ojú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, eruku sì bá a wọlé bí omi tó ń ya gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ bó ṣe ń súfèé létí mi. Mo rọra mí, mo yára mí, mo yanu sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo wí fún ara mi pé kí n ṣe sùúrù, pé ojú gbogbo wọn wà lára mi, pé kí n ka ẹsẹ Bíbélì kan tán kí n tó kúrò níbẹ̀. N kò kà á dé ìdajì. Ọwọ́ mi gòkè fúnra rẹ̀, ó fa ìbòmú náà wálẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n mi, mo sì ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ nínú eruku náà bí ẹni tí wọ́n yọ nínú omi.

Wọ́n pa ẹ̀rọ.

Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó sì lọ bu omi fún mi nínú ife. Wọ́n mú mi jáde síta, wọ́n fi àpò kan tẹ́lẹ̀ kí n jókòó.

"Ó ti pẹ́ tó báyìí?" ni mo bi wọ́n.

Aláwàdà náà ní, "From day one, Mama."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Wọ́n wo ara wọn. "Ta ló máa sọ ọ́?" ni ẹni tó bu omi fún mi wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe làálàá lórí ẹ̀. A ní ìyá kan ló ń fi ìfẹ́ ṣe é."

"Person no dey tell mama say her soup salt pass," ni aláwàdà wí. "You go just chop am, drink water."

Mo wo ọmọ mi. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń wò, ó ń yí i lọ́wọ́. "Màámi, ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń gbé e fún mi láràárọ̀. Ẹ ń gbàdúrà lé e. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní tẹ́lẹ̀. Mo ti pe àwọn tí wọn kò fẹ́ dójú tì mí ní òmùgọ̀, mo sì ti pe ọmọ mi ní orúkọ tí ìyá kì í pe ọmọ níwájú àlejò. Mo dìde, mo ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, mò ń gba ìbòmú lọ́rùn wọn. Wọ́n ń tẹ orí wọn ba fún mi kí n lè tú okùn rẹ̀. Òógùn àti eruku ti di ẹrẹ̀ funfun lẹ́yìn ọrùn wọn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníkálukú. Oníkálukú sì ń dáhùn pé, "Kò tó nǹkan, Màmá," bẹ́ẹ̀ ó sì tó.

Àlájì fẹ́ mú ìtìjú náà kúrò lára mi. Ó ní, "Màmá, sítáàṣì yẹn dára lójú o. Ẹ kàn lè dín in kù díẹ̀."

Sítáàṣì kì í tètè jáde lára aṣọ. Mo rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná, mo fún wọn, mo da omi nù, mo tún rẹ wọ́n, omi náà ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ilá. Ọmọ mi dé bá mi lẹ́yìnkùlé. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sí òdìkejì báàfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fún wọn. A ń fún wọn lọ. Ikọ́ rẹ̀ ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Láti òní lọ," ni mo wí, "ohunkóhun tó bá ń ni ọ́ lára, kódà bó jẹ́ èmi ni mo ń fà á, sọ ọ́ fún mi."

Ó fún ìbòmú kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tí mo bá sọ ọ̀kan báyìí ńkọ́?"

"Sọ ọ́."

"Iṣẹ́ kan wà. Ilé ìkẹ́rùsí ni, lẹ́bàá ibẹ̀ náà. Wọ́n fẹ́ kí n máa ka ẹrù tó ń wọlé. Kò sí eruku níbẹ̀."

Ọwọ́ mi dúró nínú omi. "Nígbà wo ni wọ́n pè ọ́?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi wá a, ó sì ṣì ń bá mi dì í mú."

"O sì dúró sídìí òkúta?"

"Ìdí tí mo fi dúró ni pé inú yín ń dùn, Màámi. Gbogbo Boundary ló ń pè yín ní Ìyá Ìbòmú. Mo ní tí mo bá kúrò, Àlájì lè kó iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn."

Mo dìde, mo lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná kó má bàa rí ojú mi. Èmi tí mo rò pé mo ń dí ọ̀nà tí eruku ń gbà, èmi gan-an ni mo dá a dúró sínú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ṣìkà, n kò sì ṣe ìmẹ́lẹ́. Pẹ̀lú gbogbo agbára mi ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù àti àdúrà. Ìyẹn ló mú kí ojú tì mí jù. Tó bá jẹ́ àìbìkítà ni, màá mọ ohun tí màá ronú pìwà dà lé lórí.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà gbé e sójú iná, èmi náà na ọrùn bíi pé mo mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ó ní àyà rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kó má padà sídìí eruku yẹn mọ́, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan. Ó tún ní aṣọ lásán, ì báà ní sítáàṣì, ì báà má ní, kò lè dí èyí tó kúnná jù lára eruku òkúta, pé ìbòmú tó ní asẹ́ nínú ni àwọn awakùsà ń lò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ó wá ku àwọn yòókù. Ìbòmú wọn wà lórí okùn mi, ó rọ̀, ó hunjọ, mi ò lọ̀ ọ́. Mo rò ó pé kí n rán ẹnì kan kó lọ kó wọn fún Àlájì, kí n má fojú kan ibẹ̀ mọ́ láyé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé àpò náà sórí fúnra mi.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Àlájì ní ọ́fíìsì. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún un, mo ní kó bá wọn ra ìbòmú tó ní asẹ́.

"Màmá, mo ti kọ̀wé béèrè rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ní ó wọ́n." Ó tún wò mí. "Ọmọ yín ńkọ́? Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí kò wá, mo ti gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀."

"Ó ti kúrò."

"Ẹ mú un kúrò?"

"Mo mú un kúrò."

Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò bá mi wí. "Ẹ ó ṣì máa fọ̀ fún wa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá tún sọ? Pé nítorí pé ọmọ tèmi ti yọ, kí wọ́n máa lo ìdọ̀tí? Mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni náà, mò ń bá Àlájì kó wọn wọ inú eruku náà.

Àwọn ọkùnrin náà tò wá síwájú mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ń bi mí léèrè àlàáfíà ọmọ mi, wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ pé àyà rẹ̀ mọ́, inú wọn sì dùn lóòótọ́, n kò rí ìlara lójú ẹnikẹ́ni. N kò lè wo ojú náà pẹ́. Mo ń so ìbòmú mọ́ imú oníkálukú, mi ò sì jẹ́ kó wọlé títí mo fi ní, "Mí, kí n rí i." Yóò mí. Aṣọ náà á fà wọlé, á sì tún wú jáde. Ohun tí mo lè ṣe fún wọn kò ju ìyẹn lọ, mo sì mọ̀ pé kò tó.

Aláwàdà náà ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tí mo mọ̀. Mo so tirẹ̀ fún un, ó ga, ó sì tẹrí ba. Ọmọ méjì ló ní. Ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń kí mi ní Boundary.

"Mí."

Ó mí. "E dey enter, Mama. E dey come out." Ó dúró díẹ̀. "Ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń wá ènìyàn?"

"Màá bá ọ béèrè," ni mo wí.

"Ẹ ṣé, Màmá."

Ó wọlé. Wọ́n tan ẹ̀rọ, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ìbòmú kan tó kù nínú àpò, èyí tó ní òwú pupa lára. Mo fà á yọ, mo fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí ipò ọmọ mi.